Yànmọ̀tí Tí A Lọ̀ Kúnná

Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú yín ṣe nǹkan kan fún mi. Bí yànmọ̀tí bá wà nínú ilé, tí ara rẹ̀ kì í sì í kọ̀ ọ́, kí ó bu ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan sẹ́nu, kí ó jẹ ẹ́, kí ó gbé e mì. Ó ti ṣe é? Ó dára. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn wóró kéékèèké wọ̀nyẹn ni eyín kò bá rárá? Wọn yóò yọ́ gba àárín eyín kọjá, wọn yóò rìn nínú ikùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé èèpo wọn là, wọn yóò sì jáde bí wọ́n ṣe wọlé. Owó tí a fi rà wọ́n ti ṣòfò nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yan irú ìwọ̀n kan náà, tí ẹ gbé e lé orí ọlọ, tí ẹ sì lọ̀ ọ́ lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná, ohun ìyanu kan yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ ó rò pé ìyẹ̀fun ni ẹ ó rí. Rárá o. Lákọ̀ọ́kọ́ yóò dà bí ìyẹ̀fun lóòótọ́, lẹ́yìn náà yóò di ìṣù, nígbà tó bá sì pẹ́ díẹ̀ sí i, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí oyin. Ohun gbígbẹ ni ẹ gbé sórí ọlọ, ẹ kò bu omi sí i, ohun tó ń ṣàn ni ẹ sì ń fi ọwọ́ gbá kúrò níbẹ̀. Òróró ló fa èyí. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n yànmọ̀tí ni òróró. Inú àwọn yàrá tíntìntín, tí ojú lásán kò lè rí, ni òróró náà wà nínú wóró. Nígbà tí ọmọ ọlọ bá fọ́ ògiri àwọn yàrá yìí, òróró yóò tú jáde, ìyókù wóró náà yóò sì máa léfòó nínú rẹ̀ bí ẹrẹ̀ nínú odò.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyí: yànmọ̀tí tí a lọ̀ kúnná, bí a ṣe ń fi í se oúnjẹ, àti ohun tó ń ṣe fún ara.

Kò sí ibi tí wọ́n ti mọ iyì rẹ̀ tó ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá àti àwọn aládùúgbò wọn: Lẹ́bánónì, Síríà, Palẹ́stínì, Íjíbítì, Ìráàkì, títí dé ilẹ̀ Tọ́kì. Tàhínà ni púpọ̀ nínú wọn ń pè é. Inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí “lọ̀” ni orúkọ náà ti jáde, tí ó fi dà bí ẹni pé a sọ pé “ohun lílọ̀.” Àwọn ará Ìráàkì ní orúkọ tiwọn: ráṣì ni wọ́n ń pè é. Yànmọ̀tí fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé. A ti hú wóró rẹ̀ tó ti jóná jáde nínú ilẹ̀ ní Harappa, ìlú àtijọ́ kan tó wà ní orílẹ̀-èdè Pakistan òde òní, ó sì ti lé ní 4,000 ọdún tó ti wà níbẹ̀. Herodotus, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tó kọ ìtàn ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òróró yànmọ̀tí nìkan ni àwọn ará Bábílónì ń lò.

Ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣe tàhínà fi ń bó yànmọ̀tí dùn mọ́ mi púpọ̀. Ẹ wo bí wóró náà ṣe kéré tó. Ta ni yóò jókòó máa bó o ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan? Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀. Wọ́n á fi ẹ̀rọ rọra fún un kí èèpo lè ya kúrò lára rẹ̀. Wàyí o, èèpo àti inú ti dàpọ̀ mọ́ra, ó ku bí a ó ṣe yà wọ́n. Omi iyọ̀ ni wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó yẹ kí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí pẹ̀lú ẹyin: ẹyin adìyẹ a máa rì nínú omi lásán, ṣùgbọ́n bí a bá po iyọ̀ púpọ̀ mọ́ omi náà, ẹyin á léfòó. Bákan náà ni pẹ̀lú yànmọ̀tí. Inú rẹ̀ tí òróró kún fúyẹ́, ó ń léfòó lórí omi iyọ̀. Èèpo rẹ̀ wúwo, ó ń rì sísàlẹ̀. Wọ́n á gbọ́n ti òkè kúrò, wọ́n á fi omi tó mọ́ ṣan iyọ̀ ara rẹ̀ dànù, wọ́n á yan án, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ láàárín ọlọ ńlá méjì tí ẹ̀rọ ń yí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́? Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Àwọn ará Ìráàkì a máa po ó mọ́ omi dídùn tí wọ́n sè láti ara èso dábídùn, wọ́n á sì fi búrẹ́dì tọ́ ọ lá ní òwúrọ̀. Omi èso àjàrà tí wọ́n sè títí tó fi ki ni àwọn ará Tọ́kì ń pò mọ́ tiwọn. Wọ́n tún ń fi ṣe àkàrà ṣúgà kan tí a ń pè ní háláwà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù ni kí wọ́n po ó mọ́ omi, omi ọsàn kíkan, aáyù tí a gún àti iyọ̀, kí ó di ọbẹ̀ funfun tí wọ́n ń dà sórí ẹja, ẹran tàbí ìgbá tí a fi iná sun.

Níbi pípò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ti ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo bu ṣíbí mẹ́ta sínú abọ́, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, mo sì rò ó. Dípò kí ó ṣàn sí i, ńṣe ló le gbagidi bí amọ̀ tí a fẹ́ fi mọ ìkòkò. Mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo sì dà á nù. Àṣìṣe ńlá! Kò bàjẹ́ rárá. Omi ni kò tíì tó o. Ẹ ronú nípa gàrí gbígbẹ. Bí ẹ bá wọ́n omi díẹ̀ sí i, yóò dì mọ́ra ní ìṣù ìṣù. Bí ẹ bá da omi púpọ̀ sí i, àwọn ìṣù náà yóò tú. Àwọn èérún wóró tí ń léfòó nínú òróró tàhínà fẹ́ràn omi bí gàrí ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí omi bá kéré, wọn yóò máa lẹ̀ mọ́ ara wọn torí omi náà. Nígbà tí ó bá tó, òróró ni yóò wá fọ́n sí wẹ́wẹ́ nínú omi, gbogbo rẹ̀ yóò sì funfun, yóò dán, yóò sì rọ̀. Nítorí náà, bí tiyín bá le, ẹ máa fi omi tútù kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì dákẹ́ rírò. Ẹ má ṣe bí mo ti ṣe.

Ohun tí wọ́n fi tàhínà ṣe tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ lágbàáyé ni hómọ́ọ̀sì. Orúkọ ẹ̀wà kan nìyẹn ní èdè Lárúbáwá, ẹ̀wà tó tóbi ju tiwa lọ, tó rí roboto, tó sì ní imú ṣóńṣó. Wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á sì po ó mọ́ tàhínà, ọsàn kíkan àti aáyù. Ní Íjíbítì, ẹ̀wà mìíràn tí wọ́n ń pè ní fúùlù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ láàárọ̀, wọn a sì máa da tàhínà lé e lórí. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀wà ni nínú méjèèjì. Èyí ni mo fẹ́ kí a dúró wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni oore yànmọ̀tí wà.

Oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní purotéènì, kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Oríṣiríṣi èròjà kéékèèké ló so pọ̀ mọ́ ara wọn tó di purotéènì, bí bíríkì, iyanrìn àti sìmẹ́ńtì ṣe ń di ògiri. Mẹ́sàn-án wà nínú wọn tí ara kò lè dá ṣe. Inú oúnjẹ la ti gbọ́dọ̀ rí wọn. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé bí bíríkì bá kún àgbàlá tí sìmẹ́ńtì sì tán, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Bíríkì kò lè ṣiṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Yànmọ̀tí ní púpọ̀ nínú èròjà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ mẹ́tíónìn, ṣùgbọ́n èyí tí ń jẹ́ láísìn kò tó nínú rẹ̀. Ẹ̀wà, ní tirẹ̀, ní láísìn lọ́pọ̀lọpọ̀, mẹ́tíónìn ló wọ́n níbẹ̀. Bí a bá jẹ wọ́n pọ̀, èkíní á dí àlàfo èkejì, ara á sì rí èyí tó pọ̀ jù lò nínú àwọn méjèèjì. Àwọn tó kọ́kọ́ da tàhínà sórí ẹ̀wà kò mọ orúkọ láísìn. Ẹnu wọn ló sọ fún wọn pé ó dùn.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti tó gan-an. Ṣíbí ìjẹun kan tàhínà, tí í ṣe nǹkan bí 15 gíráàmù, ní purotéènì tó lé díẹ̀ ní gíráàmù 2 àti ààbọ̀, pẹ̀lú òróró bíi gíráàmù 8, agbára tí ara yóò sì rí níbẹ̀ tó nǹkan bí 90 kálórì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó ju ẹ̀pà lọ ní purotéènì: ẹ̀pà wa ní nǹkan bí gíráàmù 25 nínú 100 gíráàmù, tàhínà sì ní nǹkan bí 17. Ibi tó ti dára ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú òróró rẹ̀ kì í ṣe irú ọ̀rá tí ń dì pọ̀. Ó ní èròjà irin tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ó ní síńkì, ó ní kọ́pà, ó sì ní fítámì B àkọ́kọ́. Ó tún ní èròjà kan tí a ń pè ní sẹ́sámínì, pẹ̀lú àwọn ìbátan rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí òróró rẹ̀ tètè bàjẹ́ bíi ti òróró mìíràn. Ọsàn kíkan tí wọ́n ń fún sí i kì í ṣe fún adùn nìkan: fítámì C inú ọsàn a máa ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tó wà nínú yànmọ̀tí.

Ìpolówó kan wà tí ẹ ó máa gbọ́ nípa yànmọ̀tí, pé ó ní kálísíọ̀mù, èròjà tí ń mú egungun le, ju mílíìkì lọ ní ìlọ́po méje tàbí mẹ́jọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, àbùmọ́ sì wà níbẹ̀. Odidi yànmọ̀tí tí a kò bó, 100 gíráàmù rẹ̀, ní kálísíọ̀mù tó nǹkan bí 975 mìlígíráàmù. Ìwọ̀n mílíìkì màlúù kan náà ní nǹkan bí 120. Ṣùgbọ́n ẹ rántí èèpo tó rì sísàlẹ̀ omi iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú kálísíọ̀mù náà wà! Bí a bá ti bó yànmọ̀tí, èyí tó kù lè má ju 60 mìlígíráàmù lọ. Ẹnì kan lè sọ pé, “Ó dára, a kò ní bó o mọ́.” Ẹ sùúrù. Ohun kan tí ń jẹ́ òsálétì ti di kálísíọ̀mù inú èèpo mú pinpin, ara kò sì lè tú púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ bí owó tó wà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. Nítorí náà, bí ìyá kan bá ní òun kò ní ra mílíìkì, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun, tàbí ẹ̀fọ́ fún ọmọ òun mọ́ torí pé òun ti ní yànmọ̀tí, ọmọ náà ni yóò jìyà rẹ̀. Torí purotéènì, òróró àti irin ni kí ẹ ṣe jẹ yànmọ̀tí. Ẹ wá kálísíọ̀mù sí ibòmíràn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tiwa. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ń gbin yànmọ̀tí jù ní Áfíríkà, pẹ̀lú Sudan, Ethiopia àti Tanzania. Rídí ni àwọn Hausa ń pè é, àwọn Tiv sì ń pè é ní ishwa. Ní Bẹ́núé, Násáráwá, Jígáwá àti Tàràbà, iṣẹ́ ńlá ni. Ó gba sùúrù, nítorí bí padi rẹ̀ bá gbẹ lórí ìdúró, fúnra rẹ̀ ni yóò la ẹnu, gbogbo wóró á sì dà sílẹ̀. Àgbẹ̀ ní láti gé e kí ó tó gbẹ tán, kí ó dì í ní ìtí, kí ó gbé e nàró sínú oòrùn, lẹ́yìn náà kí ó dojú rẹ̀ kọ ẹní, kí ó sì gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, inú àpò ni púpọ̀ rẹ̀ ń wọ̀, ó di ọkọ̀ ojú omi, ó di China, Japan àti ilẹ̀ Tọ́kì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí ìgò tàhínà ní ilé ìtajà ńlá ní Èkó, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ṣe é lára rẹ̀, kí ẹ sì wo iye owó rẹ̀. Ó máa ń dùn mí.

Àwọn Tiv kò dúró de ẹnikẹ́ni o. Wọ́n ń lọ yànmọ̀tí sínú ọbẹ̀ bí àwa ṣe ń lọ ẹ̀gúsí, ọbẹ̀ náà á sì ki. Àwọn Hausa ń fi ṣúgà dì í ní kántù tí àwọn ọmọ ń rà lójú pópó. Àwọn ará Lẹ́bánónì àti Síríà, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Kòráà, ti wà ní Èkó láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì gbé tàhínà wọn wá. Àní ṣàwámà tí àwọn ọ̀dọ́ ń tò fún ní alaalẹ́, ọbẹ̀ tàhínà ni wọ́n ń dà sí ti ẹran màlúù ní ilẹ̀ wọn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ni a fi mayonéèsì rọ́pò rẹ̀. Èmi kò rò pé a jèrè nínú pàṣípààrọ̀ yẹn.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe é nílé, agolo mílíìkì méjì yànmọ̀tí tó ti wá. Ẹ kù ú nínú ajọ̀, kí ẹ sì fi omi ṣàn án dáadáa, nítorí iyanrìn ni ọ̀tá rẹ̀. Iyanrìn kan ṣoṣo lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́nu. Ẹ sá a gbẹ. Ẹ yan án nínú agbada lórí iná tí kò le, kí ẹ má gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta, tí òórùn dídùn rẹ̀ sì gba ilé, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá, kí ẹ dà á sínú àwo tútù. Bí ó bá pọ́n jù, yóò korò, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ lórí ọlọ tàbí nínú búlẹ́ńdà gbígbẹ. Ṣíbí kan tàbí méjì òróró lè ran búlẹ́ńdà lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń lọ ata. Inú ìgò gbígbẹ ni kí ẹ rọ ọ́ sí. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án, kí ọwọ́ àti ṣíbí yín sì mọ́, nítorí àwọn kòkòrò àìrí tí ń fa inú rírun lè fara pamọ́ sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò lè pọ̀ sí i níbi tí omi kò sí. Èyí tí ẹ bá ti po omi mọ́, ọjọ́ náà ni kí ẹ jẹ ẹ́ tán.

Ṣíbí méjì tí a fi omi, ata àti iyọ̀ rò dára lórí ẹ̀wà rírọ̀. Ó dára pẹ̀lú iṣu sísè. Ọmọ tó ti ń jẹ oúnjẹ lè jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀kọ mímu.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni kí ó jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Ara àwọn ènìyàn kan máa ń kọ yànmọ̀tí, ìkọ̀sílẹ̀ náà a sì máa le débi ikú. Ní ọdún 2016, ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Natasha Ednan-Laperouse, jẹ búrẹ́dì tí wọ́n po yànmọ̀tí mọ́ láìkọ ọ́ sí ara ìdì rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kan náà. Àwọn òbí rẹ̀ kò dákẹ́, títí òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, láti oṣù kìíní ọdún 2023, dandan ni kí a kọ yànmọ̀tí sí ara oúnjẹ tó bá wà nínú rẹ̀. Bí ara ọmọ yín bá ń yún un tó sì ń lé lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, tí ètè tàbí ojú rẹ̀ wú, tí ó ń bì, tàbí tí èémí rẹ̀ ń há, ẹ má dúró wá àgbo; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ tà, bí ẹ bá fi yànmọ̀tí ki ọbẹ̀, ẹ sọ fún oníbàárà kí ó tó jókòó.

Ohun kan tí obìnrin kan bi mí ló kù. Ó ní òróró ti léfòó sókè ìgò tòun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti dì bí òkúta, ṣé kí òun dà á nù ni? Ẹ má dà á nù, màmá. Bí omi ṣe ń dá lórí ògì ni òróró ṣe ń dá lórí rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí gígùn rò ó láti ìsàlẹ̀ wá títí yóò fi padà di ọ̀kan. Bí ó bá ku èyí tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò, tí ṣíbí kò lè kó mọ́, ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, ẹ dé e, kí ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì dà á sórí ẹ̀wà alẹ́.